Ọ̀nà Jẹ́ríkò

Ní Ìtàjí-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé àti ní Ìdó, Kristẹni tí ó bá ti Jerúsálẹ́mù dé kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ nìkan mọ́. Lẹ́tà méjì ni wọn yóò so mọ́ ọn: JP, èyí tí ó ń tọ́ka sí arìnrìn-àjò Jerúsálẹ́mù. Wọn a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú, inú a sì máa bí àwọn mìíràn bí ènìyàn bá gbàgbé láti fi pè wọ́n.

Ìrìn-àjò náà kì í ṣe ohun kékeré. Owó ńlá ni ènìyàn ń ná sí i, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sì ti fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa bójú tó àwọn Kristẹni tí ń lọ. Nítorí náà ó tọ́ láti béèrè pé, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó lọ mú bọ̀ wálé? Ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti dáhùn.

Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ yóò gbé arìnrìn-àjò dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí kò jìnnà sí Jerúsálẹ́mù ju nǹkan bí kìlómítà 10 lọ. Láti ọ̀rúndún kẹfà ni ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà lórí ibi tí wọ́n gbà pé a ti bí Jésù ti wà níbẹ̀. Ilé ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Ìjòyè ni o, mẹ̀kúnnù ni o, ẹni tí yóò bá wọlé gbọ́dọ̀ tẹrí ba.

Ní ọ̀sán, yóò padà sí Jerúsálẹ́mù, yóò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́. Ìjọ 6 ni ó pín ilé náà láàárín ara wọn. Ní ọdún 2008, àwọn mọ́ńkì ìjọ méjì nínú wọn lu ara wọn níbẹ̀ títí ọlọ́pàá fi wọlé là wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ ìdílé Mùsùlùmí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó hàn gbangba pé dídúró ní ibi mímọ́ nìkan kò lè sọ ọkàn ènìyàn di mímọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà, nítorí orí òkè ni Jerúsálẹ́mù wà, Jẹ́ríkò sì rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ó tó nǹkan bí mítà 1,000 tí ọ̀kan fi ga ju èkejì lọ. Lórí ọ̀nà yìí ni Jésù gbé ìtàn ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù bolẹ̀ kà. Àlùfáà kan rí i, kò dúró. Ọmọ Léfì kan rí i, òun náà kò dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí ni pé ńṣe ni àlùfáà náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù: ó ti dé ibi tí gbogbo arìnrìn-àjò ń fẹ́ dé. Ará Samáríà, tí kì í lọ sìn ní Jerúsálẹ́mù rárá, ni ó dúró, tí ó di ọgbẹ́ ọkùnrin náà, tí ó sì san owó ilé èrò.

Ṣé kí ènìyàn má lọ ni? Rárá o. Ẹni tí ó bá fojú ara rẹ̀ rí òkun Gálílì yóò máa ka Bíbélì pẹ̀lú òye tí ó jinlẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá sì fi òógùn ojú rẹ̀ kó owó jọ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó lọ, oyè náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ilé ni ìdánwò wà.

Ìtàjí pẹ̀lú ní ọ̀nà Jẹ́ríkò tirẹ̀. Ó gba iwájú ilé opó tí ìjì ká òrùlé rẹ̀. Ó gba ẹ̀bá ọmọ tí wọ́n lé wálé láti ilé ẹ̀kọ́ nítorí owó. JP tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́, àǹfààní wo ni ìrìn-àjò rẹ̀ ṣe? Ẹni tí ó bá sì ná owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kí ó lè lọ, ọmọ náà gan-an ni ó fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Kí ọ̀dọ́ tí ó bá ní i lọ́kàn láti dé Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtẹríba láti ìsinsìnyí. Ìwà lẹ̀sìn. Bí JP kan bá dé sí Ìtàjí, tí ó ń kí ẹni tí ó kéré sí i, tí ó sì dá ọmọ kan padà sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó dé Jerúsálẹ́mù lóòótọ́.