Ta Ni Yóò Máa Fa Omi Fún Wa?

Ẹni tó bá ti sùn ní Sabon Gari rí mọ ohùn tó ń jí ènìyàn níbẹ̀. Kì í ṣe ti àkùkọ. Ohùn àwọn mẹ́rúwà ni, tí wọ́n ń ti ọmọlanke kẹ́ẹ̀gì omi láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń ké "Ga ruwa!" Ìyá onílé á jáde, wọn á nájà díẹ̀, wọn á da omi sínú àgbá, ó parí. Ìjọba kọ́ ìsédò Tiga ní 1974, wọ́n kọ́ ti Challawa Gorge ní 1992, síbẹ̀ mẹ́rúwà ṣì ni olùgbàlà ọ̀pọ̀ ilé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. A kò bú wọn o. Bí kò bá sí wọn, òùngbẹ ì bá ti pa wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi mẹ́rúwà: níbo lo ti fa omi yìí?

Ọ̀rọ̀ omi yìí wọ̀ wá lọ́kàn ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí a lọ jọ́sìn ní Sabon Gari. Wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹ̀kọ́ kejì, ìwé Jòhánù orí kẹrin. Ó kà á dáadáa títí ó fi dé ibi tí obìnrin ará Samáríà ti fi ládugbó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá kànga. Ó dúró. Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kíní, kò bọ́ sí i. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan ló bá a pè é láti orí ìjókòó. Nígbà tí a jáde, a bi ara wa ní ohun tí ń jẹ́ ládugbó. Nínú àwa méje, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ pé ìkòkò omi ńlá ni. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìwé Mímọ́ fi ara rẹ̀ wé omi. Àìsáyà fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wé òjò tí kì í padà sókè láìṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tó bá ń gbé Kano, níbi tí òjò kì í ju oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lọ́dún, kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Éfésù pé ọ̀rọ̀ ni omi tí Kristi fi ń wẹ ìjọ rẹ̀ mọ́. Ámósì tilẹ̀ sọ nípa ìyàn kan tí kì í ṣe ti oúnjẹ, òùngbẹ kan tí kì í ṣe ti omi, bí kò ṣe ti gbígbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa. (Kì í ṣe gbogbo omi inú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ o. Èyí tó wà ní Jòhánù orí keje, Jòhánù fúnra rẹ̀ sọ pé Ẹ̀mí ni. Kí onímọ̀ Bíbélì má kọ lẹ́tà sí olóòtú.)

Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ omi, kí ni korobá? Kí ni okùn? Obìnrin ará Samáríà rí i pé Jésù kò mú ohun ìfami lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ fún un, nítorí pé kànga náà jìn. Jésù lè pèsè omi láìsí korobá. Àwa ńkọ́? Lójú tiwa, ìwé kíkà ni okùn àti korobá Kristẹni, okùn ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti já.

Àwọn baba wa kò rí Bíbélì Yorùbá he lórí ilẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ìwé Róòmù jáde lédè wa ní 1850. Ó di 1884 kí odindi Bíbélì tó parí, òun àti àwọn bíi Thomas King ni wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi gbẹ́ kànga yìí. Nígbà tí rélùwéè dé Kano ní 1911, tí àwọn ènìyàn wa sì ń tẹ̀dó sí Sabon Gari, Bíbélì yìí wà nínú àpótí wọn. Àwọn ìyá tí kò jókòó ní kíláàsì rí fi ìwé ABD kọ́ ọ kà lẹ́yìn ìsìn.

Àwa ọmọ-ọmọ wọn ti dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. A gbọ́ Hausa bí onílùú, a ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n a kò lè ka Sáàmù kan já ní Yorùbá láìkọsẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n sọ bí àwọn Filísínì ṣe fi erùpẹ̀ dí kànga tí Ábúráhámù gbẹ́, tí Ísáákì sì tún wọn gbẹ́, tó pe orúkọ tí baba rẹ̀ sọ wọ́n. Àwọn kànga tiwa kò rí Filísínì kankan. Ọwọ́ ara wa la fi ń da erùpẹ̀ sí i.

Àwọn kan yóò ní kí la ń ṣe wàhálà fún, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ṣáà wà. Ẹni tó bá ń fa omi láti ibẹ̀, kí ó máa fà á, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: mélòó nínú wa ló ń fà á? Ẹsẹ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù la ń kà láàárọ̀, bí ẹni fi eyín ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tó fà á mu, tó sì ju ọ̀rá nù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ti kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ dé, a gbà á bó ṣe wà. Bó mọ́, bó dọ̀tí, a kò ní álọ́ọ̀mù tí a ó fi dán an wò. Àwọn ará Béríà gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu àpọ́sítélì, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé Ìṣe yìn wọ́n fún un, kò pè wọ́n ní aláìgbàgbọ́.

Ẹlòmíràn yóò rán wa létí omi ìyè. Lóòótọ́, ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà tẹ́lẹ̀, gbàdúrà sí omi ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, èrò sì wọ́ tọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo. A kò gba èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn wá ni pé ìgò omi àdúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa, ó ń tán, a sì ń tún un bù, nígbà tí Bíbélì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní àmì ìka kankan lára.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa, ẹ fara dà á fún wa, ọ̀rọ̀ ilé wa là ń sọ. Àmọ́ a jowú yín díẹ̀. Ní Kano yìí, ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbé wàláà dání, ó ń kà á sókè. Kódà ẹni tó fẹ́ mu omi tí wọ́n fi fọ wàláà, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ mọ ìwé inú rẹ̀ kọ.

A ti padà lọ bá ìyá àgbà ọjọ́sí. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó tì wá fún wákàtí kan lẹ́yìn ìsìn, láti oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù mí lọ?" Lẹ́yìn náà wọ́n gbà. Wọ́n ní kí a mú Bíbélì wá, kí a fi fóònù sílé.