Sípíà Táyà Dà?

Kí ẹ tó kà jìnnà, ẹ lọ ṣí búùtù ọkọ̀ yín, kí ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá bá táyà níbẹ̀, ẹ ṣoríire. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, ike gọ́ọ̀mù olómi kan àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lẹ ó bá.

Àlàyé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni pé táyà wúwo, ó ń gba àyè, bí ọkọ̀ bá sì fúyẹ́, epo tó ń jẹ yóò dín kù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ihò kékeré tí ìṣó dá sójú táyà nìkan ni gọ́ọ̀mù yẹn lè dí. Bí etí kòtò bá ya ẹ̀gbẹ́ táyà, kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ta ni kò sì mọ irú kòtò tó wà lọ́nà wa?

Lọ́nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ohun tó ṣe wá nìyẹn nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi. Awakọ̀ kan ṣàánú wa, ó dúró, ó ní òun ní jáàkì. Kí la fẹ́ fi jáàkì ṣe? Wákàtí mẹ́ta la fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, a pa iná fóònù wa nítorí ajínigbé.

Èyí tó tún bí mi nínú ni pé FRSC ka wíwakọ̀ láìní sípíà táyà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọkọ̀ tí kò tilẹ̀ sí àyè sípíà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ fún wa níbí, kó fi táyà karùn-ún sí i. Àwa náà ò sàn jù: bí a bá ń ra tòkunbọ̀, a ó dán rédíò wò, a ó dán éésì wò, a kì í gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù.