Ọ̀fọ̀ Opó Gùn Ju Gbèdéke Òfin Lọ

Opó Mùsùlùmí ní Ẹdẹ a máa ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Òfin kan wà tí kò lè dúró dè é tó bẹ́ẹ̀. Láti 1916 ni Òfin Ààbò Òṣìṣẹ́ Ìjọba ti wà: ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ tàbí iléeṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ohun tó ṣe, tàbí ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, gbọ́dọ̀ dé kóòtù láàárín oṣù mẹ́ta. Bí àìbìkítà ilé ìwòsàn ìjọba bá ṣekú pa ọkọ, ẹjọ́ lè ti kú mọ́ ìyàwó lọ́wọ́ kó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀.

Ìyà gbáà ni.

Oṣù mẹ́ta kì í pẹ́ nílé ọ̀fọ̀. Wọ́n á ti sin òkú lọ́jọ́ tó kú, láìsí àyẹ̀wò tó máa fi ohun tó pa á hàn. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ á dé, ti ogójì ọjọ́ á tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ mọ́tò ló pa á, awakọ̀ á kó àwọn àgbà sẹ́yìn wá bẹ̀bẹ̀. Baálé á ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdáríjì dára. Ṣùgbọ́n Àlùkùránì fúnra rẹ̀, nínú Súúrà An-Nísáì, ní kí ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ san owó ẹ̀jẹ̀ fún ará ilé òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́, kí ló fẹ́ yọ̀ǹda?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ Ellenborough sọ ní 1808 pé kóòtù kò lè torí ikú ènìyàn dá owó fún ẹlòmíì. Ó di 1846 kí ilé aṣòfin wọn tó yí i padà, ibẹ̀ sì ni òfin Nàìjíríà lórí irú ikú bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Aya, ọkọ, ọmọ àti òbí lè béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ pa ènìyàn wọn. Kì í ṣe owó ẹkún. Ohun tí olóògbé ń mú wálé ni wọ́n ń ṣírò.

Nígbà tí bàálù Dana já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá ní June 3, 2012, gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Òfin ọkọ̀ òfurufú ti 2006, tó wà nígbà náà, ní kí iléeṣẹ́ bàálù kọ́kọ́ san ó kéré tán $30,000 fún ẹbí kọ̀ọ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ọdún méjì sì ni ẹbí ní láti pẹjọ́. Ẹni tí dáńfó pa lọ́nà Gbọ̀ngán sí Òṣogbo kò rí irú owó kíákíá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìnṣọ́ránsì tí òfin fi dandan lé gbogbo ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, èyí tí owó rẹ̀ di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni ní 2023, wà nítorí irú ikú yìí. Ìwọ̀nba ẹbí ló ń béèrè rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé irú ààbò òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn ní 1954. Àwọn aṣòfin ní Àbújá ní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹnì kan nínú ẹbí, tí kì í ṣe opó, lè gba fáìlì ilé ìwòsàn àti ìwé ọlọ́pàá, kó sì rí lọ́yà kí fìdáù ogójì ọjọ́ tó dé.