Ibi Tí Ọ̀ràn Ti Ṣẹlẹ̀ Àti Ibi Tí A Ti Dá Ẹjọ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà ní ìdí òfin kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí, èyíinì ni òfin tí ó ń sọ ìlú tí a ó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn. Bí etí gbogbo ará ìlú kan bá ti kún fún ìròyìn apá kan, ǹjẹ́ wọ́n tún lè dá ẹjọ́ náà láìṣègbè? Bí a bá sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀nà jíjìn, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ kò ní sọnù sójú ọ̀nà?

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1999, Amadou Diallo, ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Guinea, ẹni ọdún 23, dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń gbé ní Bronx, ní New York. Ọlọ́pàá mẹ́rin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ yin ọta ìbọn 41, 19 nínú rẹ̀ sì bà á. Wọ́n ní àwọn rò pé ìbọn ni ó fẹ́ fà yọ. Àpamọ́wọ́ ìkówósí ni wọ́n bá, kò ní ìbọn kankan. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn wọ́n ní Bronx, níbi tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbé ẹjọ́ náà lọ sí Albany, nǹkan bí 150 máìlì sí Bronx, níbi tí aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ New York gbà bẹ́ẹ̀, bí ó bá hàn pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn kò ní rí ìdájọ́ òdodo gbà ní ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2000, àwọn ará ìlú méjìlá tí à ń pè ní júrì, tí obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin wà nínú wọn, dá àwọn ọlọ́pàá náà sílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1774, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé a lè gbé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba kúrò ní Massachusetts lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Inú bí àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ilẹ̀ wọn ní ọdún 1791 pé láti inú ìpínlẹ̀ àti àgbègbè tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni júrì yóò ti wá. Ẹ̀tọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nítorí náà ni òun fúnra rẹ̀ ṣe lè bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé ẹjọ́ òun lọ sí ibòmíràn.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ tí a gbé kúrò ni ó ń yọrí sí ìdásílẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù pa ènìyàn 168 ní Oklahoma City ní ọdún 1995, àwọn Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ nàka sí. Timothy McVeigh, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti ṣe sójà rí, ni ọwọ́ tẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Denver, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní ọdún 1997. Ní ti Derek Chauvin tí ó pa George Floyd, adájọ́ kọ̀ láti gbé ẹjọ́ náà kúrò ní Minneapolis. Júrì ibẹ̀ dá a lẹ́bi ní ọdún 2021.

Nítorí náà, òfin náà kò burú; bí a ti ń lò ó ni ó yẹ kí a ṣọ́. Ẹkún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò tó ìdí láti gba ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí a kọ́kọ́ bi àwọn ará ìlú náà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá a ó rí méjìlá tí yóò fi ẹ̀tanú sílẹ̀. Ní ti Diallo, a gbé ẹjọ́ náà kúrò kí a tó dán èyí wò. Bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, kí ìlú tí a ń gbé e lọ jọ ìlú tí a ti gbé e kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, Alùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súratu-n-Nisáì, pa á láṣẹ pé kí onígbàgbọ́ dúró ti òdodo, kódà bí ó bá tako òun àti àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ òdodo fún Diallo gbọ́dọ̀ fẹ́ ìgbẹ́jọ́ òdodo fún àwọn tí ó pa á pẹ̀lú. Kí àwọn arákùnrin àti arábìnrin tí wọ́n ti di ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà má sì ṣe sá fún ìwé ìpè júrì. Ẹni tí kò bá jókòó níbi tí a ti ń dá ẹjọ́, ẹlòmíràn ni yóò bá a dá a.