Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Náà Padà sí Costain

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nídìí àkóso Yunifásítì Èkó l'Ákọkà, Yábàtẹ́ẹ̀kì àti LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó), ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń dúró de ọkọ̀ mi lọ́dọ̀ mẹ́kánííkì mi ní Costain l'Ékòó, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga kan dé. Ìwé ìbéèrè olójú-ewé mẹ́rin ló mú dání, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Ọ̀gá tó máa ń fetí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kò lè kà á. Ọmọ náà bá ń túmọ̀, ọ̀gá ń dáhùn. Ọmọ náà bi í léèrè nípa èéfín, epo dúdú tí wọ́n ń dà sí gọ́tà, àti ikọ́ tó ń ṣe àwọn ọmọṣẹ́. Ọ̀gá ra mínírà fún un. Ó dúpẹ́, ó lọ, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mi ò bú ọmọ náà o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ṣe é.

Ìjà lórí irú ẹ̀kọ́ gíga tó yẹ wá ti pẹ́. Ní 1934, nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College, àwọn ọ̀dọ́ Èkó fárígá pé ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò ní tó ti òyìnbó, pé igbákejì òyìnbó ni wọ́n fẹ́ fọmọ wa ṣe títí. Inú ìbínú yẹn ni ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement ti jáde. Òyìnbó ti lọ. Ọmọ wa ló wà lórí àga. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ló dá LASU sílẹ̀ ní 1983. Kí ló wá dé tí ìmọ̀ ṣì ń sáré kọjá ní Costain bíi dánfó tí kò fẹ́ já èrò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé Yorùbá ò lè gbé e. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa, onímọ̀ ètò-ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀, àwọn ọmọ náà sì yege, tó fi dé orí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹ̀yà Navajo, ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn sílẹ̀ ní 1968, wọ́n sì ń kọ́ èdè àti ìtàn wọn níbẹ̀.

Ohun tí mo ń tọrọ ò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará àdúgbò, kó kọ ojú-ewé kan ní Yorùbá, kó padà wá kà á fún wọn, kí ẹ tó buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ọ̀gá tún bi mí: "Ọmọ ọjọ́sí ńkọ́? Kí ni wọ́n ní ó ń fa ikọ́ yẹn?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ.