Ẹ Ṣí Kalokalo Kí A Wo Inú Rẹ̀

Ohun tó bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀nà, kì í sì í ṣe owó iná tí wọ́n ń fojú dá fún wa; ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìyẹn ò lè tán lẹ́nu mi. Gbólóhùn kan ni. Àgbàlagbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ló sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kàbà, níbi tí ọlọ́kadà kan àti oníṣọ́ọ̀bù ti di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú nítorí ẹ̀rọ kalokalo. Ọlọ́kadà ní iná ti dúró sórí 77, orí 77 lòun sì fi owó òun lé. Oníṣọ́ọ̀bù ní kò dúró, orí ọsàn ló ń lọ. Wọ́n ní kí baba dá ẹjọ́ náà. Baba ní, “Tẹ́tẹ́ ni. Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́, kó gba ohun tó bá bá a.” Àwọn èèyàn mi orí, wọ́n sì túká.

Èmi ò mi orí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ fi dá baba lóhùn: bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí òfin wí, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ká mú ẹ̀rọ ná. Irú kalokalo tí Charles Fey kàn ní San Francisco ní àwọn ọdún 1890, kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àwòrán sì wà lára kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣí ikùn rẹ̀ tó ka àwòrán wọ̀nyẹn lè ṣírò iye ìgbà tí ó yẹ kí owó bọ́. Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà, kò ní kẹ̀kẹ́ kankan. Pátákó oníná ni: ápù, ọsàn, agogo, ìràwọ̀, 77, BAR. Ẹ ó fi kọ́ìnì sí i, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, iná á máa sáré yí po, á wá máa rọra lọ títí yóò fi dúró. Ojú ń rò pé ó rẹ iná ló ṣe dúró. Irọ́ ni. Kí iná tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ ti mọ ibi tí yóò dúró sí. Eré yẹn, ojú lásán ni wọ́n ń fi í tàn. Lára pátákó inú rẹ̀, àwọn súwìṣì tín-ín-tìn-ìn-tín wà tí ẹni tó ni ẹ̀rọ fi ń yan bó ṣe máa lawọ́ tàbí háwọ́ tó. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó lè ṣí i lónìí, kó yí i, kó tì í pa, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Baba, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn mí nìyẹn. Nínú tẹ́tẹ́, àyà ẹni méjèèjì ló ń já. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ yìí kalẹ̀, àyà rẹ̀ kì í já. Kò ta tẹ́tẹ́ rárá. Owó orí ló ń gbà.

Mi ò ní gbogbo wọn ló ń rẹ́ni jẹ o. Mo mọ̀ pé kò sí ibi tí oníkalokalo kì í ti í jèrè. Ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, òfin sọ pé nínú 100 tó bá wọ inú ẹ̀rọ, bó ti wù kó rí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò dá 75 padà fún àwọn tó ń ta á. Ní New Jersey, 83 ni. Ìjọba a máa yẹ inú ẹ̀rọ wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń ta á rí iye tí ẹ̀rọ ń dá padà. Ti Kàbà ńkọ́? Ta ló kà á?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi jẹ́ ọ̀ta ayò. Lábẹ́ igi ní ìdí ilé wa, ẹmu ni wọ́n máa ń fi ta á, ẹni tó bá pa á ni yóò mu ún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àlejò kan láti ọ̀nà Búnú pa á léraléra títí ó fi fura. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n da ọmọ ayò sílẹ̀, kí wọ́n kà á. Ihò 12, ọmọ 48, kò sí ẹni tí kò mọ iye rẹ̀ ládùúgbò wa. Ó dín kan. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n gbọn ẹní, wọ́n gbọn aṣọ, ọmọ ayò sì bọ́ láti apá agbádá àlejò. Kò sí àgbà kankan tó sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, “Ayò ni, gba ohun tó bá ọ.” Bẹ́ẹ̀ ẹmu lásán ni wọ́n fi ta á! Àwọn àgbà wọ̀nyẹn mọ̀ pé ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ kò ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó di ti òfin. Láti 1977, nígbà ìjọba ológun, ni òfin àpapọ̀ kan ti wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀. Ẹ rí bí a ṣe pa á mọ́. Òfin tẹ́tẹ́ oríire ti ìjọba àpapọ̀ wá dé ní 2005. Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní 2008, nígbà tó sì di 22 oṣù Kọkànlá 2024, adájọ́ méje ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fẹnu kò: kì í ṣe iṣẹ́ Abuja láti máa ṣòfin tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Adájọ́ Mohammed Idris ló ka ìdájọ́ náà. Èkó ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ kí ìdájọ́ tó dé. Tiwa ní Kàbà, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní Lọ́kọ́ja ló kù tí a ó máa wò.

Kí Lọ́kọ́ja má sì sọ fún mi pé iṣẹ́ náà le. Ìjọba ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹ̀rọ epo bẹntiróòlù wò bóyá lítà kan pé lítà kan. Bí ẹ̀rọ epo bá rẹ́ ọlọ́kadà yìí kan náà jẹ, a ó jọ pariwo ni. Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi di ẹran-ìjẹ nígbà tó rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá kúrò nílé epo wọ ṣọ́ọ̀bù? Owó kan náà ni! Inú oòrùn kan náà ló ti rí i! Àwọn kan á ní mò ń gbe tẹ́tẹ́ lẹ́yìn. Mi ò ta á rí, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi ta á. Bí Lọ́kọ́ja bá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò, màá bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kó dúró, ẹ ṣí i kí a wò ó.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, inú sì ti ń bí mi débi pé àyè ti fẹ́ tán. Èyí tí mo lè sọ ni pé mo ti rí ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé tó fi owó búrẹ́dì rẹ̀ ra kọ́ìnì, tí àgbàlagbà dúró tì í tó ń kọ́ ọ ní ibi tí yóò tẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ọwọ́ irin gbé bèbí fún àwọn ọmọdé ní àwọn ibi ìṣeré ìlú ńlá, bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: ẹni tó ni ín ló ń yan iye ìgbà tí ọwọ́ irin yẹn yóò di nǹkan mú ṣinṣin. Ọmọ á lọ sílé, á máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀yin tí ẹ wá láti ilẹ̀ Òkun wa níbí, ohun tí mo ń béèrè kò ju ìwé pélébé kan lọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú gbogbo kalokalo tó bá ṣì dúró: iye tí ẹ̀rọ yìí ń dá padà nínú ₦100, ọjọ́ tí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 má fọwọ́ kàn án, àti orúkọ ẹni tó ni ín pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ má yọ ti orúkọ kúrò, torí bí ìjà bá ti dé báyìí, oníṣọ́ọ̀bù á ní òun kọ́ lòun ni ín, ìpín tòun lòun ń gbà níbẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ kì í sì í wá àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ kó owó.