Àṣedànù àti Àṣesílẹ̀

Ó ti di àṣà láàárín wa pé, bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ire ìlú kalẹ̀ nínú ìpàdé, tí èrè rẹ̀ kò sì tètè hàn, ẹnìkan yóò dìde wí pé, "Àṣedànù ni." Ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ó tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Dídà omi nù ni ó ti wá. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àṣetì. Ẹni tí ó ṣe nǹkan tì, agbára rẹ̀ ni kò ká a; ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe àṣedànù lè ṣe é parí, kí ó má sì rí nǹkan kan mú bọ̀. Ẹni tí ó fi ajere pọn omi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ó ta oko kòkó rẹ̀ láti fi ṣe ẹjọ́ ààlà oko kan náà, àṣedànù gan-an ni ó ṣe, bí adájọ́ tilẹ̀ dá a láre. Ó yà wá lẹ́nu pé a kì í sábà gbọ́ kí a pe irú èyí ní orúkọ rẹ̀.

Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì kú ní 1901 láìfojú rí i. Ta ni kì bá ti pè é ní àṣedànù? Ṣùgbọ́n ó ti fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò títí di òní.

Àwọn àgbà wí pé, "Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá." Ohun tí ó ya àṣesílẹ̀ sọ́tọ̀ sí àṣedànù kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ nìkan; ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, bí àwọn ọ̀dọ́ bá wá láti kọ oríkì àti ìtàn ìdílé sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí lé wọn padà. Bí àgbà bá lọ, tí a kò kọ ohun tí ó mọ̀, nígbà náà ni omi dànù.